Ìlà Kan Ṣoṣo fún Ìyàwó

Nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ àfikún ọjọ́ ní Johannesburg nígbà náà, ìlà mẹ́fà ló wà fún orúkọ ọmọ, ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo ló wà fún ìyàwó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Rìnsọ́lá Mákindé ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí ìlà náà, ní oṣù kẹwàá ọdún 1992 àti ti 1993. Nígbà tó máa fi kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ní 1994, ọkọ rẹ̀ ti lo oṣù mẹ́rìnlá nílé obìnrin mìíràn.

Ẹnjiníà ojú títì ni ọkọ náà, Olúwaníyì. Iṣẹ́ ló gbé e wá lọ́dún 1991, kí ọdún náà sì tó parí, ó ti ránṣẹ́ pe Rìnsọ́lá àti Oyíndà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Pásípọ́ọ̀tù tí Rìnsọ́lá gbà fún ìrìn àjò náà sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó ni ín lè lọ sí gbogbo orílẹ̀-èdè àgbáyé, South Africa nìkan ni kò gbọdọ̀ dé. Orí bébà ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti lu òǹtẹ̀ ìwọlé fún un ní ẹnubodè, wọ́n wá fi bébà náà há inú ìwé. Nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà. Wọ́n ti dìbò, ìjọba tuntun ti dé, Rìnsọ́lá náà ti gba pásípọ́ọ̀tù tuntun. Ohun tí kò yí padà ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kọ sábẹ́ òǹtẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún: ìyàwó tó tẹ̀lé ọkọ wá, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́.

Agbẹ̀bí ni ní Iléṣà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ṣe é. Ní Johannesburg, ó ń fọ aṣọ, ó ń ká aṣọ, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi.

Kò sí ìjà nígbà tí Olúwaníyì kó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1993. Ó gbé àpótí méjì sẹ́yìn ọkọ̀, ó ní òun ń lọ sí Roodepoort, Rìnsọ́lá sì bá a di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú kí àpótí kejì lè wọlé. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ orúkọ obìnrin náà: Bọ́láwùmí, ọmọ Òṣogbo, tó ń ta aṣọ léèsì fún àwọn ará Nàìjíríà tó wà ní Mayfair àti àárín ìlú. Rìnsọ́lá àti Oyíndà fi ilé tí wọ́n ń gbé sílẹ̀, wọ́n gba yàrá méjì lẹ́yìn ilé ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Roseline ní Troyeville. Ẹkún ni àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì ń retí lójú rẹ̀. Òun náà ń retí rẹ̀. Kò wá. Ńṣe ni gbogbo ara rẹ̀ dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí oníṣègùn eyín gún lábẹ́rẹ́: ó mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun ni, ó ń fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n lára.

Ìwé nìkan ló kù tó so òun àti Olúwaníyì pọ̀. Bí ó bá kọ ọkọ sílẹ̀ lójú òfin, àsìkò rẹ̀ nílùú ti parí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ Oyíndà ṣì ní ìdánwò àṣejáde tó fẹ́ ṣe. Nítorí náà, bí oṣù kẹwàá bá ti dé, Olúwaníyì á wá gbé e ní Troyeville láàárọ̀ kùtù, wọ́n á lọ tò ní ọ́fíìsì ìjọba gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya, òṣìṣẹ́ á lu òǹtẹ̀, Olúwaníyì á sì dá a padà sílé. Àkókò tí wọ́n fi ń tò yẹn ni wọ́n máa ń rí ara wọn pẹ́ jù láàárín ọdún.

Lọ́dún 1994, òfin ti le sí i. Obìnrin òyìnbó kan tó fi ẹ̀wọ̀n tín-ín-rín so awò ojú mọ́ ọrùn ló jókòó lẹ́yìn gíláàsì. Kò gbé òǹtẹ̀ rárá. Ó ka fọ́ọ̀mù náà látòkè délẹ̀.

"Ṣé ilé kan náà lẹ jọ ń gbé?"

"Ilé kan náà ni," ni Olúwaníyì dáhùn. "Ní Troyeville."

Obìnrin náà yíjú sí Rìnsọ́lá. "Kí ni ọkọ rẹ jẹ lánàá kó tó sùn?"

Rìnsọ́lá kò mọ̀. Ó rántí ohun tó máa ń jẹ tẹ́lẹ̀. "Iṣu," ni ó sọ. "Iṣu àti ẹyin."

Òṣìṣẹ́ náà wo ọkọ, ó wo ìyàwó, ó tún wo àyè tó wà láàárín èjìká wọn. Ó ní kí wọ́n padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí ọjọ́ náà. Kí wọ́n mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó wọn wá, kí wọ́n sì mú ẹ̀rí tó dájú wá pé ọkọ àti ìyàwó ni wọ́n ní tòótọ́. "Bí kò bá sí ẹ̀rí," ni ó wí, "ìyàwó á máa lọ sílé."

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, Olúwaníyì dúró, ó ń yí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. "Ìwé ìgbéyàwó yẹn wà nínú àpótí mi ní Roodepoort. Ibi iṣẹ́ ni n óò wà títí di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, a ń la ọ̀nà lẹ́yìn Rustenburg. Ṣé o lè lọ gbà á?"

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ ẹ̀," ni Olúwaníyì wí, kò sì dárúkọ. "Ilé ló máa ń wà."

"Ó dáa, Bàbá Oyíndà."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, Rìnsọ́lá wọ tákísì láti àárín ìlú lọ sí Roodepoort. Ó ti rò ó pé ara òun á gbọ̀n bí òun bá dé ẹnu ọ̀nà. Kò gbọ̀n. Ó kanlẹ̀kùn, ó dúró, ó ń wo bàtà Olúwaníyì tí wọ́n sá sí ojú fèrèsé. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, obìnrin tó ṣí i di ògiri mú.

Rìnsọ́lá ti ń retí arẹwà. Ẹni tó rí ni ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí ojú rẹ̀ wú débi pé ìpéǹpéjú ti fẹ́ bo ẹyinjú. Oyún inú rẹ̀ á ti pé oṣù mẹ́jọ tàbí kó dín díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún Rìnsọ́lá pé oyún wà.

"Ẹ káàsán mà," ni Bọ́láwùmí wí. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, kò lè kúnlẹ̀. "Wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ ń bọ̀. Ìwé yẹn wà lórí tábìlì."

Rìnsọ́lá kò wo tábìlì. Ẹsẹ̀ ló ń wò. "Jókòó," ni ó wí.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà jókòó, Rìnsọ́lá bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ojú ibẹ̀ jìn sínú bí ojú ibi tí wọ́n fi ìka tẹ̀ lára ẹ̀kọ tútù, kò sì kún padà.

"Ṣé orí ń fọ́ ọ?"

"Ọjọ́ mẹ́rin rèé mà. Ẹ̀yìn ojú ló ń dùn mí. Nígbà mìíràn á dà bí ẹni pé iná ń tàn yanranyanran níwájú mi."

"Ibo lo ti forúkọ sílẹ̀?"

Bọ́láwùmí wo ilẹ̀. "Mi ò tíì forúkọ sílẹ̀ níbì kankan mà."

Ìtàn náà kò gùn. Àlejò olóṣù mẹ́ta ni wọ́n kọ sínú pásípọ́ọ̀tù Bọ́láwùmí nígbà tó wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi ọjọ́ kún un. Lẹ́ẹ̀kẹrin, wọ́n ní ó tó, kó máa lọ. Kò lọ. Láti oṣù karùn-ún ló ti ń gbé inú ilé náà bí ẹni tó ń sá fún òjò, kì í kọjá robot, iná tó ń darí ọkọ̀, tó wà ní igun àdúgbò. Olúwaníyì sì ti sọ fún un pé ilé ìwòsàn máa ń béèrè ìwé, pé kó ṣe sùúrù, òun ń wá ọ̀nà.

Rìnsọ́lá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ibi tó yẹ kí inú ti bí i wà níbẹ̀, ó mọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló jí. Ó mọ̀ pé bí ẹ̀jẹ̀ ríru yìí bá di gìrì, ìyá àti ọmọ lè lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Mú ìborùn rẹ," ni ó wí. "A ń lọ."

"Mà, wọ́n á mú mi."

"Bóyá. Dìde."

Aládùúgbò kan wà tó ń jẹ́ Johnson, bàbá arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Òun ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, "Eish, eish," ló ń sọ lábẹ́ ètè, ó sì ń wo Bọ́láwùmí nínú gíláàsì ọkọ̀. Bọ́láwùmí fi orí ti èjìká Rìnsọ́lá. Orí náà wúwo, ó sì gbóná. Rìnsọ́lá jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Akọ̀wé tó wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kò gbójú sókè. "Ìwé ìdánimọ̀ tàbí pásípọ́ọ̀tù," ni ó wí.

Bọ́láwùmí wo Rìnsọ́lá láti orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí kò sí nǹkan. Rìnsọ́lá ṣí àpò rẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tirẹ̀, torí kì í jáde láìmú un dání. Ó fi lé orí káńtà.

Nígbà tí wọ́n bi í léèrè lẹ́yìn náà ohun tó rò nígbà náà, òótọ́ ló sọ: kò ro nǹkan kan. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn nawọ́ gba abọ́ tó ń já bọ́.

"Rìnsọ́lá Mákindé?" ni akọ̀wé náà pè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Òun ni," ni Rìnsọ́lá dáhùn.

Akọ̀wé náà wo fọ́tò, ó wo obìnrin tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ojú ọ̀kan sì wú bí ojú ẹni tí agbọ́n ta. Ṣùgbọ́n àwọn aláwọ̀ dúdú láti òkèèrè ni wọ́n, orúkọ wọn sì gùn. Ó pa pásípọ́ọ̀tù dé. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo jẹ́ sí i?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí."

Ní agogo mẹ́rin ọ̀sán, wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọkùnrin kan jáde. Kò tóbi ju àkàrà tí wọ́n fi ewé wé lọ. Wọ́n gbé e sínú àpótí gíláàsì tó ń mú ọmọ móoru. Fún ọjọ́ méjì, Bọ́láwùmí kò mọ ibi tó wà. Ní ọjọ́ kẹta, ó lajú, ó béèrè omi, ó béèrè ọmọ. Ó sọ ọmọ náà ní Ṣẹ̀yẹ. Lára ibùsùn rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: Rìnsọ́lá Mákindé. Nígbà tí ìwé ẹ̀rí ìbí jáde, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ náà nìyẹn. Bàbá: Olúwaníyì Mákindé. Ìyá: Rìnsọ́lá Mákindé, ọmọ ọdún méjìlélógójì.

Olúwaníyì ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. "Kí lo ṣe yìí?" ni ó bi í.

"Mo gbé wọn wá sí ilé ìwòsàn," ni Rìnsọ́lá dáhùn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, wọ́n padà lọ síwájú obìnrin aláwò ojú. Bọ́láwùmí fún ọmọ lọ́mú nínú ọkọ̀ Johnson ní ẹ̀gbẹ́ títì, ó sùn, Rìnsọ́lá sì pọ̀n ọ́n wọlé. Ó fi ìwé ìgbéyàwó sílẹ̀. Kò tíì fi ìwé ìbí sílẹ̀ tán tí òṣìṣẹ́ náà ti bọ́ awò kúrò lójú.

"Ọmọ tuntun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Olúwaníyì dáhùn.

Obìnrin náà na ọrùn wo ẹ̀yìn Rìnsọ́lá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n rí lẹ́yìn gíláàsì náà láti ọdún mẹ́ta. Ó ní òun tọrọ gáfárà pé òun kó ìdààmú bá wọn nígbà àkọ́kọ́, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń purọ́ ìgbéyàwó lóde òní. Ó kọ orúkọ Ṣẹ̀yẹ sí ìlà kejì lára ìlà àwọn ọmọ, lábẹ́ Oyíndà. Lẹ́yìn náà ló gbé òǹtẹ̀. Kì í ṣe ọdún kan ló fún wọn. Ọdún méjì ni. Ó ní kí wọ́n lọ kọ ọmọ náà sínú pásípọ́ọ̀tù ìyá rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè wọn ní Pretoria, kí ìyá àti ọmọ lè jọ máa rìn láìsí wàhálà. Wọ́n lọ. Wọ́n kọ ọ́.

Ohun tí Rìnsọ́lá fi ọdún mẹ́ta wá nìyẹn. Ó wo òǹtẹ̀ náà nígbà tó délé, ó tún fi í sínú àpò.

Oyíndà, tó ń múra ìdánwò lọ́wọ́, gbé ojú kúrò nínú ìwé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń fi dá ìyá rẹ̀ lóhùn bí ọ̀rọ̀ bá le. "So is he my brother or what?"

"Àbúrò rẹ ni."

"And you? What are you to him?"

Rìnsọ́lá ronú sí i. "Mi ò mọ̀," ni ó wí. "Ka ìwé rẹ."

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba méjì kanlẹ̀kùn ní Roodepoort. Wọ́n kò pariwo. Wọ́n fún Bọ́láwùmí ní ìwé pé ó ti lo oṣù méje kọjá ọjọ́ rẹ̀, pé kó fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ láàárín ọjọ́ méje, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á wá gbé e. Wọ́n bi í léèrè ọmọ ta ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni.

Ó ní ìbátan kan ní Manzini, ní Swaziland, obìnrin tó ń jẹ́ Safurat, tó ń ta aṣọ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa lọ. Ṣùgbọ́n kò lè mú ọmọ lọ. Ní ẹnubodè, wọ́n máa ń ka orí èèyàn pọ̀ mọ́ ìwé, ọmọ tí kò bá sí nínú pásípọ́ọ̀tù ẹni tó gbé e dání, ọmọ tí wọ́n jí gbé ni lójú òfin. Bọ́láwùmí gbé Ṣẹ̀yẹ wá sí Troyeville ní ọjọ́ Àìkú. Ó kó aṣọ ọmọ sílẹ̀, ó kó ìgò sílẹ̀, ó fi bí ó ṣe máa ń sùn han Rìnsọ́lá, bí ẹni pé Rìnsọ́lá kò gbé ọmọ rí. Rìnsọ́lá jẹ́ kó fi hàn án tán.

"Ẹ̀yin ni ìwé mọ̀, mà," ni Bọ́láwùmí wí nígbà tó ń lọ. "Ohun tí ẹ bá ṣe, mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀."

Ní ọjọ́ Ajé, ó kọjá lọ lóun nìkan. Wọ́n lu òǹtẹ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ wọ South Africa mọ́ fún ọdún márùn-ún.

Ọjọ́rú ni Olúwaníyì wá. Roseline ló ṣílẹ̀kùn fún un, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kò kí i. Ó jókòó sórí àga onígi nínú yàrá Rìnsọ́lá, ó gbé fìlà lé orúnkún. Ṣẹ̀yẹ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì láàárín ìrọ̀rí méjì.

"Ìyá Oyíndà," ni ó bẹ̀rẹ̀, "mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ó dà bí ẹni pé Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ló tò ó. Bọ́láwùmí kò lè padà wọlé. Ọmọ wà lórí ìwé rẹ, orúkọ rẹ ló wà lára ìwé ìbí rẹ̀. Ọdún méjì wà nílẹ̀ fún gbogbo wa. Jẹ́ kí ọmọ dúró. Èmi náà á kó padà wá, ká wá ilé tó dáa, ká jọ máa gbé. Bọ́láwùmí lè máa rí ọmọ rẹ̀ nígbà ọlidé."

Fún oṣù mẹ́rìndínlógún, àdúrà tí Rìnsọ́lá ń gbà nìyẹn: èmi náà á kó padà wá. Ó ti rò ó pé bí òun bá gbọ́ ọ, òun á wólẹ̀. Ó dúró kí nǹkan kan mì nínú òun. Ó fún un láyè dáadáa. Kò sí ohun tó mì. Gbogbo ohun tó rí ni ọkùnrin kan tó ń yí fìlà lórí orúnkún, tó ń fi ìyàwó dí ìlà fọ́ọ̀mù.

"Ọmọ náà ń mu ọmú, Bàbá Oyíndà," ni ó wí.

"Mílíìkì alágolo wà."

"Ó wà." Ó tún fi aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ náà. "Sátidé ni n óò gbé e lọ fún ìyá rẹ̀."

"Rìnsọ́lá."

"Ẹ má bínú."

"Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ọmọ nígbà tí o bá ń padà bọ̀ ńkọ́? Wọ́n lè fagi lé ìwé gbogbo wa. Wọ́n lè tì ọ́ mọ́lé."

"Wọ́n lè ṣe é," ni Rìnsọ́lá wí.

Kò sí ohùn líle nínú ọ̀rọ̀ náà. Olúwaníyì jókòó títí, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n wá pè é síbi tábìlì. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ ti tán, ó dìde, ó fọwọ́ kan ọmọ náà níwájú orí, ó jáde.

Ní ọjọ́ Sátidé, Rìnsọ́lá pọ̀n Ṣẹ̀yẹ, ó wọ tákísì, bọ́ọ̀sì kékeré kan tó ń lọ sí Manzini. Èèyàn mẹ́rìnlá ló kún inú rẹ̀, ẹrù wà lórí, ẹrù wà lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọmọ náà sunkún dé ìlú Witbank, ó sùn, ó tún jí. Obìnrin kan tó jókòó tì í ní, "Ó jọ ọ́ gan-an." Rìnsọ́lá ní ó ṣeun.

Ní ẹnubodè Oshoek, ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ kan ṣí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Ó ka orúkọ ìyá, ó ka orúkọ ọmọ, ó ní kó yí ẹ̀yìn kí òun rí ojú rẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀. Iṣẹ́ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Bọ́láwùmí àti Safurat ń dúró ní òdìkejì, lẹ́yìn ọgbà, lábẹ́ igi kan. Bọ́láwùmí ti fi ọ̀já di àyà le nítorí omi ọmú tó kún, síbẹ̀ iwájú bùláòsì rẹ̀ ti tutù. Kò sáré. Ó ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn Rìnsọ́lá, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ojú rẹ̀ tan òun. Nígbà tí Rìnsọ́lá tú ọ̀já, tó gbé ọmọ fún un, orí ilẹ̀ náà ló jókòó sí, ó yọ ọmú, ọmọ náà sì gbá a mú.

Safurat fẹ́ kúnlẹ̀ fún Rìnsọ́lá. Rìnsọ́lá dì í mú. "Máa wò ó fún mi," ni ó wí. "Kó máa lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ojú ọgbẹ́ yẹn, kó má jẹ́ kí omi pẹ́ lára rẹ̀. Bí orí bá tún fọ́ ọ, kẹ́ ẹ má dúró di ọjọ́ kejì."

Ó mú ìwé ẹ̀rí ìbí jáde nínú àpò, ó fi lé Bọ́láwùmí lórí itan. "Orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Má ya á. Ọmọ á nílò rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ ó sì jọ ṣàlàyé fún un."

"Ìyálé mi," ni Bọ́láwùmí pè é. Kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń sunkún, ọmọ ń mu ọmú, omijé ń kán sí i lórí. "Kí ni kí n fi san án?"

Rìnsọ́lá nàró. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tutù níbi tí ọmọ ti kúrò, atẹ́gùn sì ń fẹ́ síbẹ̀. Ó ká ọ̀já, ó fi í sábẹ́ abíyá. "Tákísì ń dúró," ni ó wí.

Fèrèsé kan náà ló padà sí, òṣìṣẹ́ kan náà ló bá níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣí pásípọ́ọ̀tù, ó wo òǹtẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ lù láàárọ̀, ó na ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ọmọ dà?"

Rìnsọ́lá ti ṣètò irọ́ méjì sílẹ̀ nínú tákísì. Nígbà tí ó ya ẹnu, kò rí ọ̀kankan nínú wọn. "Ó wà lọ́dọ̀ ìyá," ni ó sọ.

Òṣìṣẹ́ náà gbé òǹtẹ̀. "Lọ́dọ̀ gogo," ni ó wí, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣe ọdún rere, Mama, kí o sì sinmi." Ó lu òǹtẹ̀.

Rìnsọ́lá kò tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Ó gba ìwé, ó wọ ọkọ̀. Wọ́n ti rin bí wákàtí kan kí ó tó mọ̀ pé ebi ń pa òun, ebi gidi, irú èyí tó máa ń gún inú. Nígbà tí wọ́n dúró ra epo, ó ra àgbàdo sísun méjì, ó jẹ méjèèjì tán lórí ìdúró.

Oyíndà yege ìdánwò rẹ̀, yunifásítì gbà á, wọ́n sì fún un ní yàrá nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Lábẹ́ ìwé bàbá rẹ̀ ló wà, kò sí ohun tó máa ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kìíní ọdún 1995, Rìnsọ́lá sọ fún un pé òun ti kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ní Iléṣà, wọ́n sì ní kí òun máa bọ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọdún méjì ni, Mummy," ni Oyíndà wí. Yorùbá ló sọ ọ́.

"Mo gbà á."

"Ṣé ẹ ń bínú sí Dádì?"

Ìyá rẹ̀ wo ìbéèrè náà bí ẹni ń wo egbò tó ti fẹ́ san. "Kò tíì dé ibẹ̀," ni ó wí. "Bóyá bí mo bá délé, inú á máa bí mi."

Oyíndà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló gbé àpótí ìyá rẹ̀ kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó nu eruku ara rẹ̀, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í to aṣọ sínú rẹ̀.